Láti Màrìwò dé Rìsíìtì: Ìtàn Àṣẹ Dídí Ọ̀nà fún Ayẹyẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn àṣẹ tí a fi ń dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọdún ìbílẹ̀ àti ayẹyẹ àdúgbò ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó tọ ipasẹ̀ àṣẹ náà láti ọwọ́ ọba àti àwọn awo, dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìlú lábẹ́ ìjọba amúnisìn, títí dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí àtúntò ọdún 1976 gbé kalẹ̀, àti òfin ọdún 1998 tí ó dárúkọ owó dídí ọ̀nà ní tààrà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni ó gbé dídí ọ̀nà ró láyé àtijọ́: ìkéde, gbèdéke àti ire gbogbo ìlú. Òfin òde òní kọ owó sílẹ̀, ó sì fi àwọn mẹ́ta wọ̀nyí sílẹ̀ láìkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aáwọ̀ òde òní ti ṣẹ̀ wá.

1. Ìfáárà

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì bá àtíbàbà pàdé láàárín títì rí. Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, lójijì ni yóò kan àga, ìlù àti ìkòkò ọbẹ̀ níbi tí ọ̀nà wà ní àná. Awakọ̀ yóò yí padà. Ẹni tí ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn yóò máa bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó ń náwó yóò sì fa rìsíìtì yọ láti inú àpò pé òun ti sanwó fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìlú mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe àtíbàbà ni ó dí ọ̀nà bí kò ṣe Orò. Akéde ti lu agogo, ọjà ti tú, obìnrin àti àlejò ti há sínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àṣẹ níbẹ̀, a kò ní fi rìsíìtì kankan hàn án. Àṣà ni a ó tọ́ka sí.

Onírìsíìtì ń sọ pé òun ní àṣẹ, ọlọ́rò náà ń sọ pé òun ní àṣẹ. Ta ni ó fún wọn? Ǹjẹ́ ẹni tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti fún wọn? Kí sì ni ẹni tí a dí ọ̀nà mọ́ lè sọ? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ọdún ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré, bí ewì àti bí ẹ̀sìn. Ojú tí a fi wo ọdún nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀: ojú ẹni tí ó ń kọjá lọ ni. Àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jẹ́ ibi tí ọmọdé pàápàá ti lè fojú rí ohun tí ìjọba, òfin àti àṣà jẹ́.

2. Ọ̀nà, Ojúde àti Àṣẹ Ọba

Láyé àtijọ́, ọ̀nà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ìlú mìíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtumọ̀ àti ẹni tí ń mójú tó o. Àwọn ìlú tí wọ́n mọ odi ní bodè, oníbodè sì wà níbẹ̀ tí ń gba owó-bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní oríta, Èṣù ni àwọn baba wa gbà pé ó ń ṣọ́ ọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí òyìnbó tó dé rárá ni Yorùbá ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí ọ̀nà ní àṣẹ lórí ìlú.

Ohun kan wà nínú ètò ìlú àtijọ́ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ìlú Yorùbá ní ojúde. Iwájú ààfin ṣí sílẹ̀ gbalasa, ọjà ọba a sì máa wà nítòsí rẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan náà ní ojúde tirẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde. Nítorí náà, ayẹyẹ ẹbí kò nílò láti gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a máa ń dí ọ̀nà ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ìlú: bí ọba bá wàjà, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń jà, bí a bá ń ṣe ètùtù, tàbí bí eégún àti òrìṣà ìlú bá ń jáde. Ìyàtọ̀ láàárín ayẹyẹ ẹbí àti ayẹyẹ ìlú hàn gbangba lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ dí ọ̀nà, àrokò ni a fi ń sọ ọ́. Màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà tó láti dá arìnrìn-àjò dúró. Ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé awo wà níwájú. Orò ni àpẹẹrẹ tí ó le jù lọ. Akéde a lu agogo káàkiri ìlú láti sọ ọjọ́ àti àkókò, kí obìnrin lè ra nǹkan ọbẹ̀ sílẹ̀, kí àlejò sì lè wọlé. Lẹ́yìn èyí ni ohùn Orò yóò máa dún. Nígbà tí àkókò bá pé, a ó ṣí ọ̀nà, ìlú á sì padà sí bí ó ti wà.

Bí a bá tú ètò yìí wò, ohun mẹ́ta ni a ó bá nínú rẹ̀. Èkíní ni ìkéde: a kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí kò gbọ́. Èkejì ni gbèdéke: ọ̀nà tí a dí ní ìgbà tí a ó ṣí i. Ẹ̀kẹta ni ire ìlú: ohun tí a torí rẹ̀ dí ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àmọ́ kò yẹ kí a fi ìfẹ́ àṣà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pinnu pé ohun kan jẹ́ ire gbogbo ìlú kì í ṣe gbogbo ìlú. Ọkùnrin ni wọ́n, awo sì ni wọ́n. Obìnrin, àlejò àti ẹrú ń gbọ́ ìkéde ni, a kì í pè wọ́n sí ìpàdé tí a ti pinnu rẹ̀. Àléébù yìí yóò tún jẹyọ níwájú.

3. Ẹ̀yọ̀ Èkó: Àpẹẹrẹ Ètò Tí Ó Pé

Ọdún Àdámú Òrìṣà tí a mọ̀ sí Ẹ̀yọ̀ fi bí àwọn ohun mẹ́ta yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ hàn dáadáa. Ìtàn tí ó wọ́pọ̀ jù ní Èkó ni pé ọjọ́ ogún oṣù Kejì ọdún 1854 ni Ẹ̀yọ̀ àkọ́kọ́ jáde, láti fi bu ọlá fún Ọba Akítóyè tí ó wàjà ní ọdún 1853. Láti ìgbà náà, Ẹ̀yọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún. Ó di ìgbà tí ọba tàbí olóyè pàtàkì bá papò dà, tàbí tí a bá fẹ́ yẹ́ ènìyàn jàǹkàn sí, kí ó tó jáde. Àwọn ẹbí tí wọ́n bá fẹ́ kí ó jáde gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Ọba ní Ìgà Ìdúngànràn.

Bí a bá ti gba àṣẹ, ìkéde bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni Ẹ̀yọ̀ ń jáde. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú rẹ̀, Ẹ̀yọ̀ Àdímù tí ó jẹ́ àgbà, tí a fi akẹtẹ̀ dúdú dá mọ̀, yóò gbé ọ̀pá jáde sí gbangba. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé Sátidé tí ń bọ̀ ni ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀ ni Lábà alákẹtẹ̀ pupa, Oníkò alákẹtẹ̀ ìyeyè, Ológèdè alákẹtẹ̀ àwọ̀ ewé àti Àgéré alákẹtẹ̀ àwọ̀ àlùkò yóò máa jáde tẹ̀lé ara wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń sọ fún ìlú pé ọ̀nà yóò di ti Ẹ̀yọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọkọ̀ kò ní kọjá ní àwọn ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wá wòran gbọ́dọ̀ mọ èèwọ̀: kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ di ṣùkú, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò sì gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí.

Ohun pàtàkì ni pé ètò yìí kò kú nígbà tí títì ọ̀dà dé. Nígbà tí Ẹ̀yọ̀ jáde ní ọjọ́ ogún oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ní ọdún tí ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, àṣẹ Ọba, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ àti iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó jùmọ̀ ṣí ọ̀nà fún un. Èyí fi hàn pé àṣà àti òfin lè rìn pọ̀ bí àwọn tí ó ni wọ́n bá bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kàrétà kún un. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti oko ẹrú padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tẹ̀dó sí Pọ́pó Àgùdà ní Èkó. Wọ́n mú eré ìbojú wọn wá. Ọ̀rọ̀ Potogí tí ó túmọ̀ sí ìbojú ni orúkọ Kàrétà ti wá. Ní àkókò Kérésìmesì àti Àjíǹde, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò bíi Campos àti Lafiaji a máa fi ijó gba títì. Kì í ṣe òrìṣà ìlú ni wọ́n ń bọ, ẹ̀sìn Kátólíìkì ni ó bí eré náà. Síbẹ̀ ìlú gbà á mọ́ra. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ayẹyẹ àwọn àtìpó lè di ayẹyẹ ìlú, bí àdúgbò bá fọwọ́ sí i tí wọ́n sì mọ ọjọ́ rẹ̀.

4. Ìjọba Amúnisìn: Ọ̀nà Di ti Gbogbo Ènìyàn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni a gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, ó sì di ilẹ̀ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Pẹ̀lú èyí ni èrò tuntun nípa ọ̀nà wọlé. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ìta gbangba jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti kọjá, kò sì sí ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, tí ó lè dí i bí ó ti fẹ́. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1916 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ohun ayérayé dí ọ̀nà, tàbí láti lo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ní ìlò tí ó pọ̀ jù tí kò sì bọ́gbọ́n mu, débi tí àwọn ará ìlú kò fi rí ọ̀nà gbà. Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn dáadáa. Òfin náà kò sọ pé ìlò ìgbà díẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àṣejù ni ó kà léèwọ̀. Ní ti èyí, kò jìnnà sí gbèdéke tí àwọn baba wa mọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ọwọ́ ẹni tí yóò wọn àṣejù náà. Láyé àtijọ́, ọba àti ìjòyè ni. Nísinsìnyí, ó di adájọ́, ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ ìlú. Òfin Ìlú ti ọdún 1917 pín àwọn ìlú sí ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Èkó nìkan ni ó wà ní ipò kìíní. Ní ọdún 1920 ni a kọ́kọ́ dìbò yan díẹ̀ lára àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó. Ọdún 1950 ni ìgbìmọ̀ náà di èyí tí a dìbò yan gbogbo ọmọ inú rẹ̀, Dókítà Ibiyinka Ọlọ́runnímbẹ sì di Méyọ̀ kan ṣoṣo tí Èkó ní. Ní ọdún 1953, òfin tuntun pa ipò Méyọ̀ rẹ́, ó sì fi Ọba Èkó, Adéníjì Adélé Kejì, ṣe Ààrẹ Ìgbìmọ̀ náà.

Bákan náà ni ó rí ní àwọn ìlú yòókù. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ọdún 1952, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ níbi tí àwọn tí a dìbò yàn ti pọ̀ ju àwọn ìjòyè lọ, ṣùgbọ́n tí ọba a máa jẹ́ Ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ka èyí sí ìgbà tí agbára ọba ń joro. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó ní àǹfààní kan: ẹni tí ó mọ ọjọ́ ọdún àti ẹni tí ó ń tún ọ̀nà ṣe jókòó sínú yàrá kan náà. Bí Orò bá máa jáde, kò nílò lẹ́tà kí ìgbìmọ̀ tó gbọ́.

5. Àtúntò Ọdún 1976: Ìyapa

Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1976 ni ó tú yàrá náà ká. Ìjọba ológun sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele ìjọba kẹta, ó ṣe é ní ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà, ó sì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 ènìyàn ṣe ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ọba kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso, ó sì gbé e sí ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ràn. Ìwé òfin ọdún 1979 fìdí ètò yìí múlẹ̀. Ti ọdún 1999 tún lọ síwájú: kò yan iṣẹ́ kankan fún ọba. Ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó dárúkọ, Àfikún Kẹrin rẹ̀ sì to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Lára wọn ni ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà, òpópónà, iná ojú pópó, gọ́tà àti gbàgede, gẹ́gẹ́ bí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Sísọ òpópónà lórúkọ náà wà níbẹ̀, àti fífi nọ́ńbà sí ilé.

Ohun méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí nínú èyí. Àkọ́kọ́, títún ọ̀nà ṣe ni a kọ, a kò kọ dídí i. Ẹni tí ó bá ní títọ́jú ohun kan lè sọ pé òun ní àṣẹ láti tì í fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ tàbí òfin tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ni yóò la bí yóò ṣe ṣe é sílẹ̀. Èkejì, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn. Ìwé òfin fi ìrìnnà lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ọ̀nà ìpínlẹ̀ wà. Ohun tí ó kù ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Alága tí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ń fi ohun olóhun tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ́de àti ìtò-lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ẹ̀wẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Òfin Ìfètòsílùú ti ọdún 1979 fún gómìnà ní àṣẹ láti fún ni ní ìwé ìyọ̀ǹda, ọlọ́pàá ni ó sì ń bá a mú un ṣẹ. Ní ọdún 2005, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé ìwé ìyọ̀ǹda náà tako ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti pé jọ. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, kò sẹ́ni tí ó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn òpópónà wà lábẹ́ rẹ̀.

6. Òfin Ọdún 1998: Àṣẹ Di Owó

Ibì kan wà tí òfin Nàìjíríà ti dárúkọ dídí ọ̀nà fún ayẹyẹ ní tààrà. Inú òfin owó-orí ni. Òfin ọdún 1998 tí ó to àwọn owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ogún irú owó. Owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, owó ọjà, owó gáréèjì, owó kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Ẹ̀kẹtàlá nínú wọn ni owó àríyá àti dídí ọ̀nà.

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo gbólóhùn yìí. Ó jẹ́rìí sí i pé ìjọba mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń ṣe ìnáwó lójú títì, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ìlú ti fẹ̀, ojúde agboolé ti di ilé alágbèéká àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí baba rẹ̀ kú ní ilé yàrá mẹ́jọ tí kò ní àgbàlá, títì ni ojúde tí ó kù fún un. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè sanwó gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹni tí ó bá ń bú àwọn tí ń náwó lójú títì láìrántí èyí kò tíì sọ òótọ́ tán.

Ṣùgbọ́n òfin náà sọ ẹni tí yóò gbowó, kò sọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó gbà á. Kò sọ pé kí a kéde fún àdúgbò. Kò sọ aago tí a ó ṣí ọ̀nà. Kò sọ pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn àti ọkọ̀ panápaná, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó fi gbogbo èyí sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ láti fi òfin tirẹ̀ dí. Níbi tí ìgbìmọ̀ kò bá ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, rìsíìtì nìkan ni ó kù. Owó fúnra rẹ̀ kọ́ ni àléébù: ẹbí tí ó bá fẹ́ kí Ẹ̀yọ̀ jáde náà ń náwó kí wọ́n tó gba àṣẹ. Ìyàtọ̀ ni pé ní ti Ẹ̀yọ̀, owó jẹ́ àmì pé ẹbí ti gbà láti tẹ̀lé ètò. Ní ti rìsíìtì, ẹni tí ó sanwó ń rò pé òun ti ra ọ̀nà.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ní ọdún 2003, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 kún 20 tí ìwé òfin mọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 2004 pé wọn kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Ìwé òfin kò mọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlú lọ. Irú ipò báyìí kò ran ẹni tí ó fẹ́ mọ àṣẹ tí ó wà lẹ́yìn rìsíìtì lọ́wọ́.

7. Ẹ̀mí àti Ẹ̀tọ́: Ohun Tí Aáwọ̀ Kọ́ Wa

Bí àṣẹ àṣà àti àṣẹ òfin kò bá bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàárín àwọn Yorùbá àti Haúsá lẹ́yìn tí wọ́n pa obìnrin Haúsá kan tí a sọ pé ó jáde nígbà Orò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú, ìjà náà sì ràn dé Kánò, níbi tí a ti gbẹ̀san lára àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa Orò Ṣágámù. Ìwé òfin tuntun kò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Abala 41 rẹ̀ sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà. Abala 38 rẹ̀ náà sọ pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀. Abala 45 ni ó gbà pé a lè dín irú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù, ṣùgbọ́n nípa òfin tí ó bọ́gbọ́n mu nìkan, nítorí ààbò, ètò ìlú, ìlera tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ náà dá ẹjọ́ kan tí ó wá láti agbègbè Ìpókíá, ó sì pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ torí Orò há àwọn ènìyàn mọ́lé ní ọ̀sán. Òru ni kí a máa ṣe é. Àwọn kan ka ìdájọ́ náà sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àṣà. Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé kí Orò má jáde. Gbèdéke ni ó fi sí i, gbèdéke sì wà nínú Orò tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni pé àwọn tí a kì í pè sí ìpàdé láyé àtijọ́ rí ibi tí wọ́n ti lè sọ tẹnu wọn.

Ibí yìí ni àléébù tí a mẹ́nu bà lókè ti jẹyọ. Àwọn baba wa tọ̀nà nínú ìkéde àti gbèdéke, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹni púpọ̀ sílẹ̀ nínú ìtumọ̀ gbogbo ìlú. Òfin òde òní mọ gbogbo ìlú, ó sì sọ ìkéde àti gbèdéke nù. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè dá ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

8. Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Olùkọ́ kò lè ṣe òfin, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́ ẹni tí yóò di kánsẹ́lọ̀ lọ́la. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú, olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán àdúgbò wọn, kí wọ́n sì dá ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n lè bi àwọn àgbà ilé léèrè bí a ṣe ń kéde ọdún láyé ìgbà tiwọn. Wọ́n lè kọ lẹ́tà sí alága láti tọrọ ọ̀nà fún ayẹyẹ ilé-ìwé, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà dípò, àti ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú òfin.

Ní ti àwọn ìgbìmọ̀ fúnra wọn, ìtàn fún wọn ní àwòkọ́ṣe. Kí wọ́n ṣe òfin tí yóò so owó mọ́ ìkéde ọjọ́ méje, bí Ẹ̀yọ̀ ti ń ṣe. Kí rìsíìtì ní aago tí ọ̀nà yóò ṣí. Kí wọ́n pe ọba, àwọn ẹlẹ́sìn, obìnrin ọjà àti ẹgbẹ́ onílé jọ lọ́dọọdún láti to ọjọ́ ọdún ìlú sórí kàlẹ́ńdà kan. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní tààrà, àti pé ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn nìkan ni ó bófin mu. Ìgbìmọ̀ tí ó bá rí owó tirẹ̀ gbà ní tààrà kò ní fi rìsíìtì ọ̀nà ṣe orísun oúnjẹ. Èyí tí a sì dìbò yàn mọ̀ pé ẹni tí a dí ọ̀nà mọ́ lónìí ni yóò dìbò lọ́la.

9. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àṣẹ dídí ọ̀nà fún ayẹyẹ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀. Ọba àti awo ni ó kọ́kọ́ ní in, wọ́n sì fi ìkéde àti gbèdéke so ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bi gbogbo ìlú léèrè. Ìjọba amúnisìn sọ ọ̀nà di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn òfin ọdún 1952 àti 1953 mú ọba àti ìgbìmọ̀ jókòó pọ̀ fúngbà díẹ̀. Àtúntò ọdún 1976 yà wọ́n. Òfin ọdún 1998 sì fi owó rọ́pò ìjíròrò. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ní olówó tí kò sì ní olùtọ́jú.

Màrìwò kò ní agbára nínú ara rẹ̀. Ewé ọ̀pẹ lásán ni. Ohun tí ó mú kí arìnrìn-àjò dúró ni pé ó mọ ẹni tí ó ta á, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé a óò yọ ọ́. Ìgbà tí rìsíìtì ìjọba ìbílẹ̀ bá sọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí fún ẹni tí ó gbé aláìsàn dé ẹnu àtíbàbà ni yóò tó di àṣẹ.